Ohun Tí Bàbá Rẹ Ń Pè Ní Ìrunú

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Pẹ̀lẹ́ mi,

Ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ, màá fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, lẹ́tà á sì tán láìsọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ìlà mẹ́ta péré lo kọ sí mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo kà á níwájú ilé, mo kà á ní yàrá, mo yí ẹ̀yìn ìwé náà wò bóyá ó kù. "Màmá, ara mi le. Wọ́n ní kí n jókòó sílé fúngbà díẹ̀. Màá ṣàlàyé." Ta ni wọ́n? Kí lo ṣe? Ta ló máa dédé ní kí òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lọ jókòó sílé?

Ó dáa, mo kí ọ o. O kú òtútù, o kú àárò wa. Àbúrò rẹ, mẹkáníìkì wa, ní kí n kí ọ. Ó ní kí n yéé da ara mi láàmú, kí n pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé etí tó ti gbọ́ ariwo máṣìnì ìránṣọ fún ogójì ọdún kò lè gbọ́ fóònù mọ́? Bí ẹni ki ẹnu bọnú kòròbá ni gbogbo yín ń ṣe. Lẹ́tà nìkan ni mo ń gbọ́ ketekete. Òun náà kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sí ọkọ̀ tí kò tíì wọ abẹ́ rẹ̀ ládùúgbò yìí, kò sì tíì wọ ilé àna kankan.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyí: ṣé kì í ṣe pé o bínú sí ẹnì kan níbi iṣẹ́? O mọ ohun tí ìbínú bàbá rẹ fi ojú wa rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló bínú, iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ti ń ṣe fún ogún ọdún lọ, a kúrò nílé oníyàrá mẹ́ta, a bọ́ sí yàrá kan. Orí tábìlì máṣìnì mi lo ti ń ṣe iṣẹ́ iléèwé, láàárín òwú àti bọ́tìnì. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ báyìí tó ti kú, mo sì máa ń dúpẹ́ pé o kò fi ìyẹn jọ ọ́. Nígbà tí a bí ọ, o kì í sunkún, àfi ká máa yọjú wò ọ́ bóyá o ṣì ń mí. Ìyẹn la ṣe sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́.

Bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣì wà bó ṣe wà. Mo kó aṣọ oníbàárà lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, mo tún kó o kúrò kíá, ó ṣe mí bí ẹni pé mo jókòó lé ọ lẹ́sẹ̀. Ṣàlàyé fún mi o.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrònú mi. Ẹ bá mi kí mẹkáníìkì, ẹ ní kó jáde lábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀ fẹ́.

Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ẹ rántí obìnrin tí a ń pè ní Onígíláàsì, tó kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Ṣíìtì ilé ìwòsàn la ń fọ̀ níbi iṣẹ́ wa. Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń lọ̀ wọ́n, irin róbótó gbígbóná méjì tó ń yí sí ara wọn. Ènìyàn méjì á na etí ṣíìtì, ẹ̀rọ á fà á wọlé, á sì jáde lódìkejì pẹrẹsẹ bí ìwé. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ wọlé; tí ọwọ́ bá kàn án báyìí, ẹ̀rọ á dúró. Fóòmánù wa tú irin yẹn kúrò. Ó ní ó ń dá iṣẹ́ dúró. Ìṣojú mi ló ṣe é, Màmá. Mo rí i nígbà tó ń da súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sápò.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀rọ fa ọwọ́ Onígíláàsì wọlé. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìka méjì ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti dá irin padà síbi tó wà, fóòmánù sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ńṣe ni obìnrin náà ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n pe gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ sí ọ́fíìsì máníjà kí a fọwọ́ sí i. Àwọn yòókù fọwọ́ sí i, mi ò bá wọn wí, ọmọ ń dúró dè wọ́n nílé. Nígbà tó kàn mí, mo gbọ́ ohùn kan nínú ọ́fíìsì yẹn, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni. "Kò tòògbé! Ìwọ lo tú irin! Wo àpò rẹ, súkúrù á ṣì wà níbẹ̀!" Mo lu tábìlì. Tíì máníjà dà nù sórí ìwé náà, gbogbo ohun tí wọ́n fọwọ́ sí di omi.

Wọ́n ní oníbìínú ni mí. Tí mo bá fọwọ́ sí ìwé mìíràn, tí mo sì tọrọ àforíjì, wọ́n á gbà mí padà. Tí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ kan á pè wá. Ìwé ìgbélùú mi, èyí tó jẹ́ kí n lè máa gbé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó níbí, sì so mọ́ iṣẹ́ yìí.

Màmá, ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá, mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ̀yin ń pariwo pé ìbínú ti ba ayé wa jẹ́. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ìbínú." Wọ́n sì pe orúkọ ohun tó jẹ́. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ẹnì kan bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń bínú, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ó ti lọ. Èyí ò lọ. Kò gbóná, kò tutù, ó kàn dúró sínú mi bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Kí ni Bàbá pè é?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ṣe nǹkan kan. Kí ẹ kàn wà níbẹ̀ fún mi.

Pẹ̀lẹ́ yín

*

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Pẹ̀lẹ́ mi,

Ẹ kú orí ire, ìwọ àti ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo pa máṣìnì, mi ò tún rán nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àánú obìnrin náà ṣe mí gan-an. Àmọ́ bí o bá pàdánù iṣẹ́ rẹ, ṣé ìka rẹ̀ á hù padà ni? Fọwọ́ sí ìwé náà. Dọ̀bálẹ̀ pàápàá tí wọ́n bá ní kí o dọ̀bálẹ̀, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Má sì mikàn mọ́, mo ti bá ọ bẹ̀ wọ́n. O rántí lẹ́tà tó o kọ nígbà tó o kọ́kọ́ débẹ̀? Ìwé ibi iṣẹ́ yín lo fi kọ ọ́, àdírẹ́sì wà lókè rẹ̀. Èdè òyìnbó tí mo kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo fi kọ̀wé sí máníjà yín, mo dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìlà rẹ̀ lè tọ́. Kí n sòótọ́, mo kúnlẹ̀ sínú lẹ́tà yẹn. Mo ní èmi ni ìyá rẹ. Mo ní ọmọ dáadáa ni ọ́, pé bàbá rẹ ló jẹ́ oníbìínú, nínú ẹ̀jẹ̀ ni, kí wọ́n fojú fò ó. Nígbà tó o fọ́ gíláàsì fèrèsé aládùúgbò wa, ṣé èmi kọ́ ni mo lọ bẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ní, "Ó ti tán, ẹ dìde"?

Àbúrò rẹ mójú le koko. Ó ní, "Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́?"

Mo ní, "Ṣé mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó bí i?"

Ọ̀rọ̀ tí ò ń béèrè, mi ò rántí. Atẹ̀wé ni bàbá rẹ, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Fọwọ́ sí ìwé yẹn.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Màmá,

Ẹ kú ilé.

Wọ́n ka lẹ́tà yín níwájú ìgbìmọ̀. Máníjà ló kà á, pẹ̀lú ohùn tútù, bí ẹni ń ka ìròyìn ayọ̀. Nígbà tó dé ibi tí ẹ ti ní nínú ẹ̀jẹ̀ ni, ó gbójú sókè, ó ní, "Ìyá tó bí i ló sọ èyí o, kì í ṣe àwa." Onígíláàsì jókòó tì mí, ọwọ́ rẹ̀ nínú báńdéèjì. Ó fẹnu sí mi létí, ó ní, "Kí ni màmá ẹ ń sọ nípa mi?" Lẹ́tà yín ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ìyẹn fún un.

Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe ìbínú. Wọ́n ní, kí wá ni? Ẹnu mi là, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ọ̀rọ̀ náà láyé yìí, ẹ sì ní ẹ ò rántí.

Wọ́n ti sún ìjókòó kejì sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà. Mi ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan. Ẹ má kọ̀wé sí wọn mọ́. Kí èmi náà sinmi lẹ́tà fúngbà díẹ̀.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Pẹ̀lẹ́,

O kò kọ orúkọ rẹ sísàlẹ̀ lẹ́tà. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ní kí n jẹ́ kí o sinmi. Ìwọ̀nba yìí náà ni. Jọ̀ọ́. Àbúrò rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ilé dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń bọ́. Tí o bá ti rí èyí, fi ìwé òfìfo ránṣẹ́ sí mi tí o kò bá ní ọ̀rọ̀. Kí n ṣáà rí ọwọ́ rẹ lára àpòòwé.

Ìyá rẹ

*

Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún

Pẹ̀lẹ́ mi,

Mo parọ́ fún ọ. Mo rántí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ọjọ́ tí mo gbàgbé rẹ̀. Ìrunú ni.

O kò dá mi lóhùn, mi ò sì lè bá ọ wí. Gbogbo bọ́ọ̀sì tó bá dúró níwájú posí-ọ́fíìsì ni mo ń fi ojú tẹ̀ lé. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ń fi pamọ́ fún ọ láti ìgbà tó o ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Obìnrin kan wà nílé ìtẹ̀wé tí bàbá rẹ ti ń ṣiṣẹ́, Aránwèé ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń ká abala ìwé, tó sì ń rán ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn ní ó ń jí ìwé. Ó ní kó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Bàbá rẹ pa ẹ̀rọ. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ búlúù tó máa ń so mọ́ra, ó fi bo obìnrin náà láti èjìká wálẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin yìí. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, màá tan ẹ̀rọ padà." Ọ̀gá ní kó jáde. Ó jáde. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó délé tó sọ fún mi, èmi ni mo pariwo. Mo ní ìbínú ti ba ayé wa jẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe ìbínú, ìrunú ni."

Mo ní, "Inú Bíbélì ni mo ti ń gbọ́ ìyẹn. Ọlọ́run ló ń runú. Ìwọ atẹ̀wé wo ló ń runú?"

Ó ní, "Ká ní èmi ló gbá létí ni, màá bínú, màá sì fẹ́ gbá a padà. O mọ̀ mí. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe ọ̀gá. Mo kàn fẹ́ kó tún un ṣe. Ká ní ó bẹ obìnrin yẹn ni, lọ́la màá kí i kú iṣẹ́, màá sì máa tẹ̀wé mi lọ."

Mo ní, "Ṣé ìrunú la máa gbé ka iná?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà.

Èmi gan-an ni oníbìínú ilé wa, Pẹ̀lẹ́. Mo bínú sí i fún ọdún gbọọrọ nítorí yàrá kan yẹn, mo sì gbé ìbínú tèmi wọ bàbá rẹ lọ́rùn lójú yín, títí tó fi kú. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, Aránwèé wá sílé wa. Ó ti fọ aṣọ iṣẹ́ náà, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a bí ìwé. Mo fi ara dí ẹnu ọ̀nà. Mo gba aṣọ náà, mi ò ní kó wọlé, mi ò sì sọ fún bàbá rẹ láéláé pé ó wá. Ìsàlẹ̀ àpótí ni mo fi í pamọ́ sí.

Mo ti tún kọ lẹ́tà kan fún ìgbìmọ̀ yẹn. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mi ò fi ránṣẹ́ sí wọn. Ìwọ ni mo fi ránṣẹ́ sí, mo ti gbọ́n díẹ̀. Tó o bá fẹ́, kà á fún wọn. Tó o bá fẹ́, fi nu bàtà.

"Èmi ni ìyá rẹ̀. Mo kọ̀wé sí yín tẹ́lẹ̀ pé ọmọ mi jogún ìbínú. Àṣìsọ ni. Ìbínú ni ti ẹni tí nǹkan dùn nítorí ara rẹ̀. Ìrunú ni ti ẹni tí wọn kò fọwọ́ kàn, tó dìde nítorí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ẹ wo ọwọ́ ọmọ mi, ìka rẹ̀ pé mẹ́wàá. Kí ló wá ń dùn ún? Ẹ kọ òótọ́ nípa obìnrin tó jókòó tì í yẹn, kí ẹ wá wò ó bóyá ọmọ mi á tún lu tábìlì."

Mo fi réésà tú àpò ọ̀tún lára aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ, ó wà nínú àpòòwé yìí. Tàdáwà dúdú etí rẹ̀ kì í lọ, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Ibẹ̀ ló máa ń ki ọwọ́ bọ̀ tí mo bá ń pariwo.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú sùúrù. Lẹ́tà yín dé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ìgbìmọ̀ jókòó. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá a padà láìtú u, ọwọ́ mi wá kan ohun rírọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Mo kà á fún wọn. Mo kà á ní Yorùbá ná, wọn ò gbọ́ ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà mo túmọ̀ rẹ̀. Mo fi ìrunú sílẹ̀ bó ṣe wà, mo kàn ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní ìka mi pé mẹ́wàá, Onígíláàsì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé tábìlì, láìsí báńdéèjì. Ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí ìwé dìde, ó ní, "Èmi náà rí súkúrù yẹn."

Wọ́n ti tún ìwé náà kọ. Kò sí "ó ń tòògbé" níbẹ̀ mọ́. Fóòmánù ti kúrò nídìí ẹ̀rọ. Àmọ́ wọn ò gbà mí padà. Wọ́n ní mo lu tábìlì, òótọ́ sì ni, mo lù ú. Mo ní oṣù mẹ́ta láti wá iṣẹ́ mìíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n máa bọ̀ nílé. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tó dúró sínú mi yẹn ti jókòó. Mo rí fóòmánù lójú pópó, mo kí i.

Ojú yín ń ro mí, Màmá. Ariwo máṣìnì yín pàápàá ń ro mí. Ṣé Aránwèé ṣì wà láyé?

Pẹ̀lẹ́ yín

*

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù keje

Pẹ̀lẹ́ mi,

O kọ orúkọ rẹ sísàlẹ̀. Mo fi ìka tọ ọ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà.

Aránwèé wà láyé. Àbúrò rẹ ló bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ gbé mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, yàrá kan, tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Ó ṣì ń bá àwọn ènìyàn rán ìwé tó ti já. Orí rẹ̀ funfun. Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó atẹ̀wé."

Mo ní, "Mo wá ṣílẹ̀kùn fún yín ni. Ó pẹ́ díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu kó má bàa gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló béèrè bàbá rẹ. Kò mọ̀ pé ó ti kú. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún un pa mọ́ láti ọjọ́ yìí wá, èmi ló wá sọ ọ́ fún. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, etí mi ò dí rárá lọ́jọ́ yẹn.

Gbogbo Sátidé ló ń wá sọ́dọ̀ mi báyìí. Èmi rán aṣọ, òun rán ìwé, orí tábìlì kan náà. Ó máa ń béèrè ìgbà tó o máa dé. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mò ń gbàdúrà kí o ríṣẹ́ lọ́hùn-ún, kí n tó ṣe àmín mo tún ti ń gbàdúrà kí o má rí i, Ọlọ́run náà á ti máa wò mí. Èyí tó o bá yàn, mi ò ní kọ̀wé bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ṣáà ti na ṣíìtì tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ọwọ́ ni mo fi lọ̀ ọ́.

Kọ̀wé sí mi kíá. Èmi àti Aránwèé ti jọ pinnu pé a ò ní tú lẹ́tà rẹ títí di Sátidé, kí àwa méjèèjì lè jọ kà á. Àmọ́ mo mọ ara mi. Má jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá rẹ